Ẹsẹ Bíbélì Tí Bàbá Onílẹ́tà Kì Í Dáhùn

Láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni mo ti ń gbálẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń túmọ̀ Bíbélì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan ni. Àwọn olùtúmọ̀ mẹ́rin ló wà lókè, wọ́n sì lè fi odindi ọ̀sán jiyàn lórí ẹsẹ kan ṣoṣo, títí tí ẹni tó ń kọjá ní títì á fi rò pé ìjà ilẹ̀ ni wọ́n ń jà. Ìsàlẹ̀, lẹ́yìn àtẹ̀gùn, níbi tó yẹ kí n máa kó ìgbálẹ̀ àti korobá sí, ni yàrá Bàbá Onílẹ́tà wà. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ fún mi o, torí èmi kì í lè sọ̀rọ̀ kúkúrú. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, wọn ò sì tíì kọ́ wa ní ìyẹn kí n tó kúrò níbẹ̀.

Iṣẹ́ Bàbá ni pé ó ń dáhùn ìbéèrè. Ẹni tó bá ka Bíbélì débi tó ta kókó, tàbí tó rí i pé ti àtijọ́ wí báyìí, ti tuntun wí bọ̀ọ̀yẹn, á kọ lẹ́tà sí wa. Télọ̀ ń kọ ọ́, ọlọ́pàá ń kọ ọ́, ìyàwó ilé ń kọ ọ́, ẹlẹ́wọ̀n náà ń kọ ọ́. Àwọn ìbéèrè ọ̀hún sì máa ń jọra. Ta ni Kéènì rí fẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ìdílé kan ṣoṣo ló wà láyé? Kí ni igi ọ̀pọ̀tọ́ ṣe tí Jésù fi gégùn-ún fún un, nígbà tí kì í ṣe àsìkò èso? Ṣé ràkúnmí tòótọ́ ni wọ́n ní ó fẹ́ gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá, àbí àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ ló ṣì í? Bàbá ní páálí kan tó kó àwọn ìdáhùn àtijọ́ sí, ṣùgbọ́n kì í dà wọ́n kọ. Ó ní ènìyàn méjì lè bi ìbéèrè kan náà, kí ohun tó ń dùn wọ́n má jẹ́ ọ̀kan. Á tún un kọ fún olúkúlùkù, pẹ̀lú bíìrò aláwọ̀ búlúù, lẹ́tà rẹ̀ á tò bí eyín ọmọge.

Obìnrin kan kọ̀wé nígbà kan, ó ní ṣé ó dáa kí béárì máa fa ọmọ ọlọ́mọ ya torí pé wọ́n pe wòlíì ní apárí. Bàbá fúnra rẹ̀, apárí ni. Orí rẹ̀ ń dán bí abọ́ tánganran.

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin ló yẹ kó lè dáhùn ìyẹn jù láyé."

Ó ní, "Ká ní mo ní béárì ni, ìwọ ni ǹ bá kọ́kọ́ tú u sí."

Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Kì í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo mọ ìgbà tí inú rẹ̀ bá dùn, torí á máa fi ìka gbá etí tábìlì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Òfin kan wà ní ilé iṣẹ́ wa, pé lẹ́tà kankan kò gbọdọ̀ jáde àfi tí mo bá gbọ́ ọ, tí mo sì sọ ọ́ padà. Bàbá á ka ohun tó kọ sí mi létí, á dojú rẹ̀ dé sórí tábìlì, á ní kí n fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo gbọ́. Tó bá bá ohun tó ní lọ́kàn mu, a ó lẹ àpòòwé pa. Tí kò bá bá a mu, kì í bínú sí mi. Á ní ọwọ́ òun ló ṣe àṣìṣe, kì í ṣe etí mi, á sì fa ìwé tuntun yọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe fún Bíbélì gan-an tí wọ́n ń túmọ̀ lókè, kí n tó débẹ̀: wọ́n á wá ẹni tí kò kàwé púpọ̀, wọ́n á kà á fún un, wọ́n á ní kó sọ ọ́ padà. Wọ́n ní tó bá yé irú ẹni bẹ́ẹ̀, á yé gbogbo ayé. Ibẹ̀ ni Bàbá ti fún mi ní orúkọ Ìyá Elétí. Àwọn ará òkè ní ẹnu mi ló yẹ kí wọ́n fi sọ mí lórúkọ. Mi ò bá wọn jiyàn.

Òfin kejì ni pé ẹni tó ń dáhùn kò gbọdọ̀ ki ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bọ̀ ọ́. Kò gbọdọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí i, kò gbọdọ̀ sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí òun, kò sì gbọdọ̀ ní kí ènìyàn ṣe èyí tàbí kó má ṣe tọ̀hún. Ohun tí ìwé wí ni kó wí. Òfin yìí bá Bàbá lára mu, torí kò sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tó máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni. Àga méjì ló wà ní yàrá rẹ̀, ìwé ló kún orí èyí tó yẹ kí àlejò jókòó sí. Ìgbà tí àìsàn dè é mọ́lẹ̀ ní ọdún kẹta tí mo débẹ̀, mo lọ wò ó nílé. Yàrá kan ṣoṣo ló háyà, kò jìnnà sí ilé iṣẹ́. Abọ́ kan ló wà níbẹ̀, ṣíbí kan, ife kan. Mo gbé omi kaná, mo ní kí n bù ú mu pẹ̀lú rẹ̀, kò sí ohun tí n ó bù ú sí. Mo dúró kí ó mu tirẹ̀ tán kí n tó ṣan ife náà.

Kì í ṣe pé tèmi sàn jù ú lọ o. Ọkọ mi ti kú láti ọdún méje. Àwọn ọmọ mi wà lókèèrè, wọ́n ń pè mí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n á ní "Màmi, a ó tún pè yín," kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Tí mo bá délé nírọ̀lẹ́, mo máa ń bá ìkòkò omi sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ìwọ náà ń hó lásán ni?" Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tètè dé ibi iṣẹ́. Ó kéré tán, ẹnì kan máa bi mí pé kí ni mo gbọ́.

Ọdún karùn-ún ni mo tó fura pé irú lẹ́tà kan wà tí Bàbá kì í dáhùn. Ẹsẹ kan ni wọ́n máa ń béèrè, èyí tó sọ nípa ọkùnrin kan tó fẹ́ tẹ̀lé Jésù, tó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ sin bàbá òun ná, tí Jésù sì ní kó fi òkú sílẹ̀ fún àwọn òkú. Tí ìbéèrè yẹn bá ti dé, Bàbá á kà á tán, á ká a, á gun àtẹ̀gùn lọ sókè, á gbé e lé tábìlì ẹni tó kéré jù nínú àwọn olùtúmọ̀, á sì sọ̀ kalẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Orúnkún rẹ̀ kò sì fẹ́ràn àtẹ̀gùn rárá.

Lọ́jọ́ kan tí òjò dè wá mọ́nú ilé, mo ní, "Bàbá, kí ni ẹsẹ yẹn ṣe yín gan-an?"

Mo rò pé á ní kí n lọ gbá ibòmíràn. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó kó ìwé kúrò lórí àga kejì, ó ní kí n jókòó.

Ó ní tíṣà ni òun tẹ́lẹ̀. Nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, òun fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, òun ń bá àwọn oníwàásù kan kiri láti ìlú dé ìlú. Wáyà dé pé bàbá òun kú. Òun ṣí Bíbélì kí òun lè mọ ohun tí òun máa ṣe, ojú òun bọ́ sórí ẹsẹ yẹn, òun sì gbà pé òun gan-an ni wọ́n ń bá wí. Òun kò lọ. Òun kọ lẹ́tà sí àbúrò òun obìnrin, òun da ẹsẹ náà kọ sínú rẹ̀, òun kò fi nǹkan kan kún un. Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí, ìyá sì ti ṣáájú bàbá lọ. Ọmọbìnrin yẹn nìkan ló dúró ti òkú.

Mo ní, "Ó fèsì?"

Ó ní, "Títí dòní, rárá."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ò tún kọ ọ́?"

Ó wo òjò títí. Ó ní, "Kí ni n ó kọ? Ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí i, kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi. Mi ò lè ní kó dá a padà."

Láti ọjọ́ yẹn, kò tún sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́, èmi náà sì fi ẹnu mi tí wọ́n ń bú yìí pa á mọ́. Ọdún mẹ́fà gbáko.

Ó wá di ọdún yìí. Lọ́jọ́ Túsìdé kan, lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ bíríkìlà. Ìwé rẹ̀ rí wúruwùru, sìmẹ́ńtì ta sí etí rẹ̀. Ó ní bàbá òun kú, wọ́n máa sin ín lọ́jọ́ Sátidé yìí, ní abúlé tó jẹ́ ìrìn àjò odindi ọjọ́ kan. Bàbá tó kú yẹn kò bá a ṣe ìjọ kan náà, wọ́n sì ti jà nítorí rẹ̀. Òun ló ń mọ ògiri ilé ìjọsìn tuntun fún ìjọ wọn, alàgbà wọn sì ti fi ẹsẹ yẹn hàn án, ó ní ẹni tó bá lọ, ó ti yan òkú ju Olúwa lọ nìyẹn. Ó ní òun ti kà á nínú Bíbélì àtijọ́, òun tún yá tuntun kà, bóyá èyí tí wọ́n túmọ̀ lákọ̀tun á wí nǹkan mìíràn. Ohun kan náà ni méjèèjì wí. Gbólóhùn tó fi parí rẹ̀ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ àbí kí n má lọ?" Ó wá kọ nọ́ńbà fóònù sísàlẹ̀.

Mo rò pé Bàbá máa gun àtẹ̀gùn. Ó dìde lóòótọ́, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó padà wá jókòó, ó fa bíìrò yọ.

Ó kọ ojú ewé mẹ́ta lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó kà á fún mi, ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé kan gbà pé bàbá ọkùnrin inú Bíbélì yẹn kò tíì kú rárá, pé ohun tó ń tọrọ ni kí òun dúró tì í títí dìgbà tó bá kú. Àwọn kan ní ó ti kú tipẹ́, egungun rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kó jọ. Àwọn kan sì ní òkú tí wọ́n ní kó sin òkú, àwọn tí ẹ̀mí wọn ti kú ni. Ó dojú ìwé dé.

"Ó yá, Ìyá Elétí."

Mo ní, "Ohun tí mo gbọ́ ni pé àgbàlagbà mẹ́ta ń bá ara wọn jà, òkú bàbá bíríkìlà sì ṣì wà nílẹ̀."

Ó ya á.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, ó kọ ojú ewé kan. Ó ní kò sí ibì kankan nínú Bíbélì tí wọ́n ti ka sísin òbí sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ló ní ẹ̀rí ọkàn tirẹ̀, kí ó fi àdúrà wádìí rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ ní kó ṣe bó ṣe wù ú. Ká ní ó mọ bó ṣe wù ú ni, ṣé á kọ̀wé sí yín?"

"Kì í ṣe iṣẹ́ mi láti ní kí ènìyàn lọ tàbí kó má lọ. Ìwọ náà mọ òfin."

"Mo mọ̀ ọ́n. Alàgbà tó ní kó má lọ ńkọ́, ta ló fún òun ní òfin?"

"Alàgbà kò sí ní abẹ́ ilé iṣẹ́ wa."

"Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró sójú kan náà rí ńkọ́?"

Ó ya ìyẹn náà. Nígbà tí mo wá kó ife tíì ní ìrọ̀lẹ́, ó ṣì kún, ó ti tutù, ìfófòó ti dì lójú rẹ̀.

Òwúrọ̀ Tọ́sìdé ló kọ ìkẹta. Ìdajì ojú ewé péré. Ẹ̀yìn ló kọ sí mi nígbà tó ń kà á, ojú rẹ̀ wà lára ògiri. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé wáyà dé, pé òun kò lọ, pé ó ti di ọdún mọ́kànlélógójì báyìí. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀, orúkọ tí mi ò rí i kó kọ sínú lẹ́tà kankan rí.

Mo ní, "Ohun tí mo gbọ́ ni pé kó lọ. Ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ kò lọ nígbà tirẹ̀, kò sì tíì débẹ̀ títí dòní."

Ó ní, "Ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn."

A lẹ̀ ẹ́ pa. Ara mi yá gágá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé pósọ́fíìsì. Mo fi lé obìnrin tó ń ta sítáǹbù lọ́wọ́, mo ní, "Ẹ bá mi mú èyí ní kíákíá o, òkú wà nídìí rẹ̀."

Obìnrin náà wo àdírẹ́sì. Ó ní, "Ọjọ́ Wẹ́sìdé tó ń bọ̀ ni, tó bá yá jù."

Ibẹ̀ ni mo tó rántí. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa sin òkú. Ọjọ́ mẹ́ta ni èmi àti Bàbá fi ń tún ọ̀rọ̀ ṣe kó lè yéni, tí kò sí ẹni tó ka ọjọ́ nínú àwa méjèèjì. Ilé iṣẹ́ tí ènìyàn ti ń lo ọdún mẹ́jọ lórí ìwé kan, ọjọ́ mẹ́ta kì í jọ nǹkan kan lójú wọn. Mo gba lẹ́tà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi tí ara mi kì í ṣe ara eré, mo sáré.

Bàbá wo lẹ́tà lọ́wọ́ mi, ó mọ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Ó jókòó gbọ̀ọ̀.

Mo ní, "Ó kọ nọ́ńbà síbẹ̀."

"A kì í pe wọ́n."

"Ẹ kì í kọ orúkọ yín náà."

Mo fi fóònù tèmi tẹ nọ́ńbà, mo fi sí i létí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dún tí wọn ò gbé e. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n gbé e, mo sì ń gbọ́ ohùn wọn ketekete torí fóònù mi, bí ẹni tó ni ín ni, ariwo ni tirẹ̀.

Bàbá ní, "Ẹ ǹlẹ́ o. A dúpẹ́ fún ìbéèrè tí ẹ fi ránṣẹ́..."

"Ta nìyẹn? Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, wọ́n ń po sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

"Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń túmọ̀ Bíbélì ni."

Bíríkìlà ní, "Háà. Mi ò mọ̀ pé ènìyàn ló ń ka lẹ́tà yẹn. Mo rò pé ìwé pélébé lásán lẹ máa fi ránṣẹ́."

"Ènìyàn ni."

"Ẹ má bínú, bàbá, ẹ sọ ọ́ ní kúkúrú. Sìmẹ́ńtì kì í dúró de ọ̀rọ̀."

Bàbá di etí tábìlì mú. Ó ní, "Ẹ lọ."

"Kí n lọ síbo?"

"Ẹ lọ sin bàbá yín."

Mo gbọ́ tí ọkùnrin náà kúrò níbi ariwo. Ó ní, "Kí wá ni ìtumọ̀ ẹsẹ yẹn?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n délẹ̀. Mo ti ń kà á láti ọdún mọ́kànlélógójì, mi ò mọ̀ ọ́n délẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bàbá tèmi kú, ẹsẹ yẹn wà níwájú mi, èmi fúnra mi ni mo fi síbẹ̀, mi ò sì lọ."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n sin ín."

Bàbá ní, "Kò sí ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n sin ín, èmi nìkan ni mi ò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ tí mo torí rẹ̀ dúró, ẹlòmíràn ti ṣe é tán."

"Ẹ ṣé, bàbá," ni ọkùnrin náà wí, fóònù sì gé.

Bàbá fún mi ní fóònù mi. Ó ní, "Ṣé ó yé e?"

Mo ní mi ò mọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà fún un.

Ọjọ́ Sátidé yẹn, iṣẹ́ kò sí, mo wà nílé. Mi ò lè jókòó. Mo ń ro ti bíríkìlà, bóyá ó wọ mọ́tò ní Fúráìdè, bóyá alàgbà dì í mú. Mo ń ro ti Bàbá nínú yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ife kan. Ó ṣe mí bíi kí n lọ fojú kàn án, mo tún ní kí ni n ó sọ? Tí mo bá débẹ̀, èmi ni n ó máa sọ̀rọ̀ nìkan, òun á máa wo ojú ọ̀nà. Mi ò lọ. Ó dùn mí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, méjì kọjá, mẹ́ta. Bàbá kò ní kí a tún pe nọ́ńbà náà, ó ní tó bá jẹ́ pé kò lọ, ìpè wa á dà bí ẹ̀gàn. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó ń pín lẹ́tà bá ti wọlé láàárọ̀, kí n tó sọ pé ẹ káàbọ̀, Bàbá á ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Á yẹ àwọn àpòòwé wò lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì padà sórí àga rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ falẹ̀. Ó dáhùn ìbéèrè lórí aya Lọ́ọ̀tì tó di ọ̀wọ̀n iyọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ní kò yé mi.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni lẹ́tà dé. Ìwé wúruwùru kan náà. Bàbá ní kí n kà á, ojú òun ń ṣe bàìbàì. Ojú rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Mo kà á.

Bíríkìlà ní òun lọ. Mọ́tò bàjẹ́ lọ́nà, ìgbà tí òun fi máa débẹ̀, wọ́n ti gbé òkú sílẹ̀, wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Àwọn ẹ̀gbọ́n òun kò kí òun. Òun gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ẹni tó ń da yẹ̀pẹ̀, òun da ìyókù fúnra òun. Ní ọjọ́ kejì, òun ra sìmẹ́ńtì, òun mọ orí sàréè náà, òun sì fi ọwọ́ òun rẹ́ ẹ títí tó fi ń dán. Ó ní ìyá òun gbé àga wá jókòó ti òun títí òun fi parí rẹ̀. Alàgbà ti fi iṣẹ́ ògiri yẹn fún ẹlòmíràn. Ó ní kí a bá òun kí bàbá tó sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Mo ní, "Bàbá, ó lọ o."

Ó ní, "Mo gbọ́." Ó gba lẹ́tà náà, ó wo ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rírẹ́ yẹn sí fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé á fi ìka gbá tábìlì. Kò gbá a. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó lọ bá ọ̀gá wa, ó gba àyè ọjọ́ méjì. Láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò gba àyè rí àfi ti àìsàn.

Ọjọ́ kẹta ló dé, pẹ̀lú báàgì kékeré lọ́wọ́. Kò kọ́kọ́ lọ sílé. Mo gbé tíì fún un, mi ò sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ìyẹn ṣe le fún mi tó.

Ó ní òun dé ilé bàbá àwọn. Àbúrò òun ló ń gbé ibẹ̀, òun mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ẹnu àwọn ará ìlú. Wọ́n ti kun ilé náà. Òun kan ilẹ̀kùn. Ìyá arúgbó kan ṣí i, ìrun rẹ̀ funfun, ó fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn mú. Bàbá ní obìnrin náà dúró bí ìyá àwọn ṣe máa ń dúró.

"Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, 'Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ta lẹ ń wá?'"

Mo ní, "Kí lẹ wá wí?"

"Mo ní mo ṣi ilé."

Mi ò lè gbé ojú sókè. Bàbá ń fi ṣíbí ro tíì tí kò sí ṣúgà nínú rẹ̀. Ó ní, "Ó tọ́ka ọ̀nà sí mi. Ó ní kí n rọra, ilẹ̀ ń yọ̀."

"Ẹ ò dé ojú sàréè?"

"Ẹ̀yìn ilé ló wà. Mi ò lè gba ẹ̀yìn ilé onílé."

Àwọn ará òkè ń jiyàn lórí nǹkan kan, ẹsẹ̀ wọn ń dún lórí wa. Bàbá ní, "Ó yá, Ìyá Elétí. Sọ ọ́ padà."

Mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ padà fún un láti ọdún mọ́kànlá, kò sí èyí tó wúwo lẹ́nu mi tó o. Mo ní, "Ohun tí mo gbọ́ ni pé wọ́n bi yín ní ìbéèrè kan tí kò ta kókó rárá, ẹ ò sì dáhùn."

Ó mi orí. Mo ní tó bá fẹ́, n ó bá a lọ, n ó dúró sí títì, n ó fi ẹnu mi yìí ṣáájú. Ó ní rárá. Ó ní tó bá jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíràn ni òun tún gbà débẹ̀, kò sí ohun tí òun fi yàtọ̀ sí ti ìjọ́sí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mi ò bá a nínú yàrá. Ó ti kó ìwé orí àga kejì sílẹ̀, ó tò ó sára ògiri. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, mi ò mọ̀ bóyá inú ilé ìtura kan ló wà tó ń wo ògiri. Kò ní fóònù. Lẹ́tà mẹ́rìnlá ló ti jókòó sórí tábìlì rẹ̀, mo ń nu eruku yí wọn ká.

Láàárọ̀ yìí ni ọ̀gá wa sọ̀ kalẹ̀ wá. Ó wo àga, ó wo àwọn lẹ́tà. Ó ní, "Ìyá, ibo ni Bàbá Onílẹ́tà lọ tí kò gba àyè?"

Mo ní, "Ó lọ sin bàbá rẹ̀, sà."

Ọ̀gá ní, "Bàbá tó ti tó àádọ́rin ọdún yẹn? Ìgbà wo ni bàbá tirẹ̀ kú?"

Mo ní ó ti pẹ́ díẹ̀. Ó wò mí, ó fẹ́ béèrè nǹkan mìíràn, ó tún gun òkè padà. Mo gbé korobá, mo lọ nu àtẹ̀gùn.